Fínfín Kọ́ La Fi Ń Bẹ̀rẹ̀ Ọnà

Bí ẹ bá gba fóònù lọ́wọ́ ọ̀dọ́ mélòó kan ní ọjà Ọ̀tùn-Èkìtì, tí wọ́n sì gbà kí ẹ wo inú rẹ̀, iṣẹ́ tí wọn ò parí lẹ máa kọ́kọ́ rí. Ẹ óò rí orin tó ní ẹsẹ̀ kan ṣoṣo, fídíò ẹ̀fẹ̀ tí wọ́n ya dé ìdajì kí ọ̀rẹ́ tó ń bá wọn ṣeré tó padà síléèwé, ìtàn tó dúró láàárín gbólóhùn, àti ogunlọ́gọ̀ fọ́tò ìyá àgbà kan tí wọ́n ní àwọn fẹ́ fi ṣe ìwé. Ẹ má pè wọ́n ní ọ̀lẹ. Àwọn kan náà ló ń jí lọ sóko láàárọ̀ kùtù. Àwọn kan nínú wọn ń kọ́ṣẹ́ télọ̀ tàbí mẹkáníìkì, àwọn mìíràn wà ní yunifásítì ìjọba àpapọ̀ ní Ọ̀yẹ́ àti Ìkọ̀lé. Ohun tí ọ̀gá tàbí olùkọ́ bá gbé fún wọn, wọ́n ń parí rẹ̀. Ohun tí wọ́n fi ìfẹ́ ara wọn dáwọ́ lé lórí fóònù ni kì í parí. Ìdí rẹ̀ ni mo ń wá, ọ̀rọ̀ náà sì ká mi lára.

Olùkọ́ ni mí. Ohun tí mo ń fi ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ àti ọjọ́ Sátidé ṣe ni gbígba ìró iṣẹ́ ọwọ́ sílẹ̀: odó àti ọmọ-odó, ẹwìrì alágbẹ̀dẹ, ọlọ ata, òfì àwọn ìyá díẹ̀ tó ṣì ń hun kíjìpá. Mo máa ń to ìró náà mọ́ ohùn ẹni tó ń ṣiṣẹ́, kó di ohun tí ènìyàn lè jókòó gbọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Kò sẹ́ni tó ń sanwó rẹ̀ fún mi, n kò sì retí owó lórí rẹ̀. Fóònù ni mo fi ń ṣe gbogbo rẹ̀. Nítorí náà, kì í ṣe ọ̀tá fóònù ló ń sọ̀rọ̀ yìí.

Ibi tí mo ti rí ìdáhùn kò jìnnà sí wa. Ní ọdún 1947, Fádà Kevin Carroll àti àlùfáà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan nínú ìjọ Kátólíìkì dá ilé iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì. Wọ́n fẹ́ kí àwọn oníṣẹ́ ọnà Yorùbá máa fi ọwọ́ Yorùbá ṣe ohun èlò ìjọsìn, láìsọ ọ́ di àfarawé ti òyìnbó. Àwọn agbẹ́gilére Ọ̀sì, ní apá Èkìtì tó bọ́ sí Kúwárà, ló gbé ibẹ̀ ró. Àrẹ̀ògún ni ọ̀gá àgbà tó sọ Ọ̀sì di ìlú olókìkí nínú iṣẹ́ náà. Ọmọ rẹ̀, George Bándélé, ló ṣe ọ̀gá àwọn agbẹ́gi ní Ọ̀yẹ́. Lámídì Fákẹ́yẹ, ọmọ Ìlá-Ọ̀ràngún tí wọ́n bí ní 1928, wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Bándélé níbẹ̀. Ìran agbẹ́gilére ni Fákẹ́yẹ, ó ti ń gbẹ́gi kó tó dé Ọ̀yẹ́, síbẹ̀ ó tẹríba, ó tún di ọmọ-ẹ̀kọ́ṣẹ́. Ilé iṣẹ́ náà kógbá sílé ní 1954. Àwọn tó jáde níbẹ̀ ò dáwọ́ dúró ní tiwọn. Ère Odùduwà tó wà ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, ọwọ́ Fákẹ́yẹ ló ti jáde.

Carroll tẹ ìwé kan jáde ní 1967 lórí iṣẹ́ àwọn agbẹ́gi yìí, ó sì to ìpele mẹ́rin tí igi ń gbà di ère síbẹ̀. Àkọ́kọ́ ni ọnà lílé. Ọ̀gá á fi àáké tí ẹnu rẹ̀ dábùú bíi ti ọkọ́ sán ìtì igi náà títí yóò fi hàn pé orí nìyí, àyà nìyí, ẹsẹ̀ nìyí. Ojú kò tíì sí, ọwọ́ kò tíì là, ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọṣẹ́ ti mọ bí ère náà yóò ṣe dúró. Àlétúnlé ló tẹ̀ lé e. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń pín ìdì ńláńlá wọ̀nyẹn sí kéékèèké, tí etí, imú àti ọwọ́ á gba ààyè wọn. Lẹ́yìn náà ni dídán, tí wọ́n á mú ara igi jọ̀lọ̀. Fínfín ló kẹ́yìn: irun dídì, ilà ojú, ọnà etí aṣọ, gbogbo ohun tí ojú aláìmọ̀ máa ń kọ́kọ́ rí, tó sì máa ń yìn. Ọmọ-ẹ̀kọ́ṣẹ́ lè fọwọ́ kan dídán láìpẹ́ tó dé. Ọnà lílé, ọwọ́ ọ̀gá ló máa ń wà, nítorí bí ó bá wọ́, kò sí fínfín tó lè tún un ṣe.

Ẹ má sì rò pé ẹ̀rù ohun tuntun ń ba àwọn baba wọ̀nyí. Lára ilẹ̀kùn tí Àrẹ̀ògún gbẹ́, ẹ óò rí ẹni tó gun kẹ̀kẹ́, ẹ óò rí ìbọn. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ òyìnbó aṣojú ìjọba tí wọ́n gbé ru sára ilẹ̀kùn ààfin Ògògà ní Ìkẹ́rẹ́. Ilẹ̀kùn náà dé Wembley fún ìpàtẹ ńlá ti 1924, ó sì wà ní British Museum di òní. Wọ́n ń wo ohun èlò ayé ìgbà wọn fínnífínní, wọ́n ń gbà á wọlé sínú igi. Ètò iṣẹ́ wọn ni wọn ò jẹ́ kó yí padà.

Fóònù dojú ètò yẹn délẹ̀. Bí mo bá ṣí áàpù tí wọ́n fi ń gé fídíò, irú CapCut, fínfín ló kọ́kọ́ ń nà sí mi: àwọ̀ tó ń mú ojú dán, lẹ́tà tó ń fò, orin tó ti wà nílẹ̀, àwòṣe tí ẹlòmíràn ti gé sílẹ̀ tó jẹ́ pé ojú tèmi nìkan ló kù kí n fi sí i. Kò bi mí pé ta ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀, kí ni mo fẹ́ kó mọ̀, níbo ni n óò ti dúró. Láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, ohun tó wà lójú fóònù á ti máa dán bí ohun tó ti parí. Ọkàn á ti jẹ adùn ìparí nígbà tí iṣẹ́ kò tíì ní egungun. Nígbà tó bá di ọjọ́ kejì, ẹni tó ni ín á padà dé ìdí rẹ̀, á rí i pé kò síbi tí òun máa gbé e gbà, á sì bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Àwọn tó ṣe irú áàpù bẹ́ẹ̀ kò fi ìparí wa ṣe nǹkan kan. Pípadà tí à ń padà wá lójoojúmọ́ ni wọ́n ti ń jẹun.

Ìpele mẹ́rin yẹn ni mo wá gbé sórí ìró. Ọnà lílé, orí ìwé ni mo ti ń ṣe é, bírò lọ́wọ́, fóònù nínú àpò. Mo ń kọ ẹni tí mo fẹ́ gbọ́, ìró tí yóò ṣáájú, ìró tí yóò kẹ́yìn. Bí n kò bá rí ìparí kọ sílẹ̀, n kì í jáde lọ gba nǹkan kan. Bí mo bá ti gba ohùn dé, màá gé e sí ègé ńláńlá, màá sọ èyí tí kò wúlò nù lójú ẹsẹ̀ kó má baà máa fà mí lọ́wọ́. Ìgbà yẹn ni mo tó ń ro ti ariwo ọ̀kadà tó yẹ kó dín kù. Ti orin tí mo lè fi sábẹ́ rẹ̀, ó di ọjọ́ tí gbogbo ìyókù bá ti dúró. Lọ́pọ̀ ìgbà tí mo bá débẹ̀, mo máa ń rí i pé kò nílò orin rárá.

Mo dán an wò pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi kan tó ń ṣe fídíò ẹ̀fẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn gbé fóònù wá fi hàn mí; ohùn ẹ̀rín ti wà nínú rẹ̀, lẹ́tà pupa ń fò sókè sódò. Mo bi í pé, “Báwo ló ṣe máa parí?” Ó ní, “Sà, a ò tíì mọ̀.” Mo ní kí wọ́n gbé fóònù sílẹ̀, kí wọ́n ṣe eré náà níwájú kíláàsì láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ibi tí kíláàsì ti dákẹ́ hàn sí wọn kedere. Wọ́n yọ ìyá ọkọ kúrò nínú eré náà, wọ́n fún ọmọ ọ̀dọ̀ ní gbólóhùn tó parí rẹ̀, kí wọ́n tó wá yà á. Ohùn ẹ̀rín inú áàpù ò sí níbẹ̀ mọ́. Àwọn tó wò ó ló ń rẹ́rìn-ín.

Ẹ jẹ́ kí n mú iyán wá sójú ọ̀rọ̀, nítorí ibẹ̀ ni mo ti kọ́ bí fóònù ṣe ń gba ìró. Ìró odó iyán jọ ohun tó rọrùn láti gbà sílẹ̀, kò sì rí bẹ́ẹ̀. Ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ni wọ́n ṣe fóònù fún. Nígbà tí ibi gbogbo bá pa rọ́rọ́, á gbé ohùn sókè fúnra rẹ̀. Bí ìró ńlá bá dé, á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ wàrà. Nítorí náà, bí ọmọ-odó bá balẹ̀, ìró náà á fọ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ni fóònù á sáré gbé ohùn sókè, tí èémí ẹni tó ń gún un, igbe adìẹ àti rédíò àdúgbò á jọ máa wú bọ̀ kí ọmọ-odó tó tún balẹ̀. Ẹni tó jókòó ti odó kò gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí etí tirẹ̀ ń tẹ̀ lé ni bí ìró náà ṣe ń yí padà. Ó gbẹ, ó sì le nígbà tí iṣu ṣì wà ní ègé. Ó ń rọ̀, ó ń wúwo, bó ti ń di iyán. Níkẹyìn, ọmọ-odó máa ń lẹ̀ mọ́ ọn díẹ̀ kó tó gòkè, ìró kékeré kan sì wà níbẹ̀ tí ọmọ Èkìtì gbọ́, tó mọ̀ pé oúnjẹ dé tán.

Ìró kékeré yẹn ni mo ń wá. Áàpù agbohùnsílẹ̀ kan tó gbà kí n fi ọwọ́ ara mi ti ìwọ̀n ohùn pa síbì kan ló yanjú rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni, kò ní fínfín kankan nínú. Mo fi fóònù sí airplane mode kí ìpè má baà já mi, mo gbé e lé aṣọ tí mo ká ní ìṣẹ́po kí gbígbọ̀n ilẹ̀ má baà gùn ún, mo sì sún sẹ́yìn kúrò nídìí odó. Màmá tó ń gúnyán wò mí títí. “Tíṣà, ìró yìí náà lẹ wá gbà? Gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n.” Mo ní, “Màmá, àwọn ọmọ tó wà nílùú òyìnbó ò mọ̀ ọ́n mọ́, ìyẹ̀fun inú páálí ni wọ́n ń rò.” Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní kí n jẹ́ kí òun tún iṣu mìíràn sè, pé èyí ti tutù jù, ìró rẹ̀ kò ní dáa.

Áàpù ọ̀fẹ́ ni mo fi gba ìró yẹn. Àwọn ayafọ́tò àtijọ́ kò ní àǹfààní àtibẹ̀rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Láti 1888 ni George Eastman ti gbé kámẹ́rà Kodak jáde ní Amẹ́ríkà, tó ń polówó fún ará ìlú pé bọ́tìnnì nìkan ni tiwọn, ìyókù di ti ilé iṣẹ́. Àwòrán 100 ló wà nínú rẹ̀. Bó bá tán, wọ́n á fi odidi kámẹ́rà ránṣẹ́ padà sí Rochester. Ní 1900, Brownie dé ní dọ́là kan. Ìran Brownie yẹn ló tẹ ayafọ́tò J. D. 'Okhai Ojeikere lọ́wọ́, ọmọ ilẹ̀ tó di ìpínlẹ̀ Ẹdó lónìí, tí wọ́n bí ní 1930. Ó ra Brownie D ní 1950, aládùúgbò rẹ̀ kan sì fi bí wọ́n ṣe ń lò ó hàn án. Àpótí lásán ni kámẹ́rà náà, fíìmù kan nínú rẹ̀ kì í ju àwòrán mẹ́jọ lọ. Ẹni tí àwòrán mẹ́jọ péré wà lọ́wọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti ṣe ọnà lílé nínú orí kó tó tẹ bọ́tìnnì.

Ojeikere wọṣẹ́ ìjọba ní Ìbàdàn ní 1954, nínú yàrá òkùnkùn tí wọ́n ti ń fọ fọ́tò. Nígbà tó yá, ó ya fọ́tò fún tẹlifíṣọ̀n ní Ìbàdàn kan náà. Iṣẹ́ oúnjẹ nìyẹn. Èyí tí mo ń tẹjú mọ́ ni ohun tó bẹ̀rẹ̀ ní 1968: irun àwọn obìnrin Nàìjíríà. Ó ń yà á lóde ìyàwó, lójú pópó, níbi iṣẹ́, ní dúdú-àti-funfun, ẹ̀yìn orí lọ́pọ̀ ìgbà, láìsí ohun tó ń gba ojú lẹ́yìn rẹ̀. Ọdún ń gorí ọdún, ó ń ṣe é, títí irun tó yà fi sún mọ́ ẹgbẹ̀rún. Nígbà tó fi máa kú ní 2014, àwọn ilé àwòrán káàkiri ayé ti pàtẹ irun wọ̀nyẹn. Kámẹ́rà ọwọ́ rẹ̀ yí padà láàárín ọdún wọ̀nyí. Ìbéèrè tó ń bi irun kò yí padà.

Ìlá-Ọ̀ràngún tó múlé gbe wa náà ní àwọn ayafọ́tò tirẹ̀. Ní 1975, ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Stephen Sprague wá wo iṣẹ́ àwọn ayafọ́tò ibẹ̀, ó sì kọ ọ́ jáde ní 1978. Ó rí i pé bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú láìtíì ya fọ́tò pọ̀, ayafọ́tò á ya èyí tó kù, á tẹ àwòrán rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sórí ìwé kan, kí Táyé àti Kẹ́hìndé lè jókòó ti ara wọn. Bí wọ́n bá jẹ́ ọkùnrin àti obìnrin, wọ́n á wọ aṣọ ọkùnrin fún èyí tó kù, wọ́n á yà á, wọ́n á tún wọ ti obìnrin fún un. Kò sí olówò kámẹ́rà kan tó kọ́ wọn ní èyí. Òbí tó ń ṣọ̀fọ̀ ló mú ọ̀ràn wá, ayafọ́tò sì wá ojútùú rẹ̀ nínú ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ère ìbejì ti ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn ṣáájú. Fọ́tò bá a gbé e. Mo ka èyí sí ọgbọ́n ẹ̀rọ tó ga ju gbogbo ohun tó wà nínú fóònù mi lọ, nítorí ọ̀ràn ló ṣáájú, ẹ̀rọ ló tẹ̀ lé e.

Ọ̀rọ̀ fóònù rírà ló kàn, ibẹ̀ ni owó àwọn ọmọ wa ń bá lọ. Tecno, Infinix àti itel tó kún ọwọ́ wa, ilé iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe wọ́n, Transsion ti ilẹ̀ Ṣáínà. Mo yìn wọ́n fún ohun kan: wọ́n tún kámẹ́rà wọn tò kó lè mọ awọ dúdú. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, káàdì tó ní àwòrán obìnrin funfun ni wọ́n fi ń díwọ̀n àwọ̀ fíìmù Kodak. Ẹni tó bá ní fọ́tò aláwọ̀ àtijọ́ nílé á rántí bí ojú bàbá ṣe ṣókùnkùn tó níbẹ̀, tí agbádá funfun nìkan ń tàn. Èyí tó jẹ́ kí fóònù olówó pọ́ọ́kú mọ ojú wa, iṣẹ́ rere ni. Àmọ́ ìyàtọ̀ tó wà láàárín ti èṣí àti ti ọdún yìí kò tó ohun tí ẹni tó ń fi ìfẹ́ ṣiṣẹ́ ń torí ẹ̀ jẹ gbèsè.

Ní 2019, ìròyìn àwọn ọ̀dọ́ Kàdúná kan tó ń jẹ́ The Critics Company kárí ayé. Fóònù tí ojú rẹ̀ ti fọ́ ni wọ́n fi ya eré ọjọ́ iwájú tí wọ́n pè ní Z: The Beginning. Wọ́n tọ́jú owó fún oṣù kan kí wọ́n tó ra aṣọ aláwọ̀ ewé tí wọ́n ta mọ́ ògiri. Iná ń lọ, íntánẹ́ẹ̀tì ń fà. Bí a gúnyán nínú ewé, tí a sebẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni máa yó á yó. Gbogbo ènìyàn ló ń sọ̀rọ̀ fóònù fífọ́ yẹn. Ohun tó wọ̀ mí lára jù ni pé oṣù méje ni wọ́n fi ya eré oníṣẹ́jú mẹ́wàá. Wọ́n jókòó tì í dópin.

Bí owó díẹ̀ bá wà, mo gbà pé kí ènìyàn fi ra máìkì kékeré tó ń so mọ́ aṣọ, mẹ́mórì káàdì tó dáa, àti páwà báǹkì tí òun kò ní gbà kí ẹnikẹ́ni nínú ilé fi ṣáàjì nǹkan mìíràn. Áàpù tó ń gba owó lóṣooṣù ní dọ́là, ẹ jẹ́ ká yẹra fún un. Gbogbo wa la mọ bí iye náírà ṣe já wálẹ̀ láti oṣù Kẹfà ọdún 2023. Dátà náà ò dẹ̀ fún wa mọ́, láti ìgbà tí àjọ NCC ti fọwọ́ sí i ní oṣù Kìíní ọdún 2025 pé kí àwọn ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè fi tó ìdá 50 nínú 100 kún owó wọn. Iṣẹ́ tí kò lè parí àfi tó bá gun íntánẹ́ẹ̀tì ti fi ara rẹ̀ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Èmi ń ṣe tèmi kí n tó tan dátà, nígbà tí kò tíì sí ìkíni WhatsApp kan tí mo gbọ́dọ̀ dá lóhùn, yálà iná ọba wà tàbí kò sí.

Ní tèmi, iṣẹ́ parí nígbà tó bá dé ọwọ́ ẹni tó ni ohùn inú rẹ̀. WhatsApp máa ń fún fọ́tò àti fídíò pọ̀ kí wọ́n lè fúyẹ́, n kò sì fẹ́ kó fọwọ́ kan ìró tèmi, nítorí náà ni mo ṣe ń fi fáìlì ránṣẹ́ bíi document sí àwọn ọmọ Ọ̀tùn tó wà l'Ékòó àti Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn àgbàlagbà nílé, rédíò kékeré tó ní tọ́ọ̀ṣì àti ihò mẹ́mórì ló wà lẹ́bàá ibùsùn wọn. Rédíò náà kò ní ojú tí wọ́n lè fi wá orúkọ nǹkan, nítorí náà mo ń sọ iṣẹ́ di MP3, mo ń fi nọ́ńbà ṣáájú orúkọ fáìlì kọ̀ọ̀kan kí wọ́n lè tẹ̀ léra, mo ń dán an wò nínú rédíò tèmi kí n tó gbé káàdì lọ. Ẹ̀dà kan wà nílé mi, òmíràn wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi l'Ádó.

Màmá oníyán ti gba tiwọn. Ìyá tó ń hun kíjìpá gbọ́ tiwọn tán, wọ́n ní ó dáa, ṣùgbọ́n kí orúkọ ìyá àwọn tó kọ́ àwọn níṣẹ́ ṣáájú ìró òfì, kó má gbẹ̀yìn rẹ̀. Wọ́n tọ̀nà. Ọnà lílé ló yí padà yẹn, kì í ṣe ohun tí mo lè fi gígé-lẹ̀ ṣe lórí fóònù. Mo ti mú bírò, mo ń tún un tò láti òkè, Sátidé tó ń bọ̀ ni n óò padà lọ gba orúkọ náà lẹ́nu wọn.